Ibi Tí Ojú Ọlọ́pàá Ń Wò

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú àwọn ọlọ́pàá, awakọ̀, ọlọ́kadà àti ará àdúgbò. Mo tún un kọ sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ̀yin ọ̀gá ọlọ́pàá tí ẹ ṣí ọgbà yín fún wa, ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ awakọ̀, ìyá lọ́jà, ẹ̀yin ọmọ mi ọlọ́kadà tí ẹ pa iṣẹ́ òwúrọ̀ tì láti wá jókòó síbí, mo kí yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú oòrùn.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọdún 22 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù pàjáwìrì kí n tó fẹ̀yìn tì. Mi ò mọ òfin tó ọlọ́pàá, mi ò sì mọ ọkọ̀ tó awakọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni bí ara ènìyàn ṣe máa ń rí nígbà tí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ wa láti ojú títì, àti ohun tí àwọn tó gbé e wá máa ń sọ kí omijé tó gbẹ lójú wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti wá bá yín sọ̀rọ̀.

Lóṣù tó kọjá mo wọ bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn lọ sí Abẹ́òkúta. Àga tó wà lẹ́yìn dírẹ́bà gan-an ni mo jókòó sí, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níwájú tí mi ò rí. A dé ibi tí àwọn ọlọ́pàá gbé igi dí ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wọn sún mọ́ wa, ó kí wa dáadáa, ó ní kí dírẹ́bà mú pàtíkúlà wá. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kó mú láísẹ́ǹsì wá. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó bọ́ sẹ́yìn, ó ní kí wọ́n ṣí búùtù, ó tan tọ́ọ̀ṣì sáàárín àwọn àpò gàrí, ó fi ọwọ́ tẹ ọ̀kan wò, ó ní kí wọ́n pa á dé. Kò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹ rọra máa lọ o, ẹ má dúró lọ́nà, àwọn ọmọ burúkú wà nínú igbó iwájú yẹn." A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a lọ.

Ọmọlúàbí ni ọmọkùnrin yẹn. Ó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ gẹ́lẹ́. Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun tí kò wò.

Táyà iwájú lápá òsì ti jẹ débi pé wáyà ti ń yọ létí rẹ̀. Mo ti rí i ní gáréèjì kí n tó wọlé, mo sì wọlé bẹ́ẹ̀, nítorí ilẹ̀ ti ń ṣú, mo sì ń kánjú. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Dírẹ́bà fa bẹ́líìtì kọjá àyà rẹ̀, kò fi í bọ ihò, ó kàn jókòó lé e lórí kí ó lè dà bí ẹni tó dè é. Obìnrin kan wà níwájú tó gbé ọmọ ọdún méjì lé ẹsẹ̀, àyà ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹnu dírẹ́bà sì ń rùn fún párága. Láti ẹ̀yìn ni mo ti ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọlọ́pàá náà dúró sún mọ́ ọn jù mí lọ, fèrèsé nìkan ló wà láàárín wọn, fèrèsé náà sì wà ní ṣíṣí.

Ohun tí mo bá wá nìyẹn. A máa ń sọ pé kí ọlọ́pàá bọ́ sójú títì wá kún àwọn tó ń gba ẹ̀mí là, bí ẹni pé wọn ò sí níbẹ̀. Wọ́n wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ wa níbí, kò sí aṣọ ìjọba tó pọ̀ lójú títì tó aṣọ ọlọ́pàá. Wọ́n ti dá ọkọ̀ dúró, wọ́n ti bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀, wọ́n ti tan tọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ tó kù kò ju pé kí ojú wọn kúrò lórí búùtù nìkan, kí ó dé orí táyà, bẹ́líìtì, ọmọ tó wà níwájú àti èémí ẹnu dírẹ́bà. Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Tiwa ni pé a ní ojú, ibòmíràn la kọ ọ́ sí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2021, ìjàm̀bá ọkọ̀ pa nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti 190,000 ènìyàn káàkiri ayé. Ẹ pín in sí ìṣẹ́jú, ó ju ènìyàn méjì lọ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló kú ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí jájẹ àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, bíi tiwa. Láti ọmọ ọdún 5 títí dé ọ̀dọ́ ọdún 29, kò sí ohun tó ń pa wọ́n tó o. Kì í ṣe ibà, kì í ṣe ọta ìbọn. Ẹ̀yin ọ̀gá ọlọ́pàá, bí adigunjalè kan bá wà tó ń pa ọ̀dọ́ ju ohunkóhun mìíràn lọ, ẹ ò ní sùn títí ẹ ó fi rí i mú.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e dé, mẹ́ta wọn ló gbé e. Ẹnì kẹrin ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ó fi akoto rẹ̀ kọ́ apá bí ẹni gbé apẹ̀rẹ̀ lọ ọjà. Mo gba akoto náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó lè bá wa di ẹsẹ̀ ibùsùn mú. Akoto dúdú, ó ṣì ń dán. Mo yí i po lábẹ́ iná, kò sí ibi kankan tó ha lára rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀kadà ni wọ́n so ó kọ́ nígbà tí orí tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ń balẹ̀. Lẹ́yìn tí dókítà ti bo aṣọ mọ́ ọn lójú, mo bi ọmọ tó gbé akoto wá pé kí ló dé tí kò dé e. Ó ní, "Màmá nọ́ọ̀sì, a máa ń dé e tí a bá rí àwọn ròódù séfútì níwájú. Ọlọ́pàá kì í béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé gbólóhùn yẹn káàkiri. Akoto tí ènìyàn dé dáadáa ń dín ewu ikú ọlọ́kadà kù ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọmọ yẹn ní akoto, ó fi owó ara rẹ̀ rà á. Ohun tí kò ní ni ojú ọlọ́pàá tó ń wo orí rẹ̀ ní oríta tó ń kọjá lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́.

Ẹ rántí oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí ìjọba ní gbogbo ọlọ́kadà àti ẹni tó gùn ún gbọ́dọ̀ dé akoto. Àwọn kan gbé igbá lé orí. Àwọn kan kun rọ́bà lọ́dà, wọ́n dé e, àwọn mìíràn gbé ìkòkò. Àwòrán wọn kárí ayé, ayé sì fi wá rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ìbẹ̀rù ẹ̀ṣọ́ ojú pópó mú kí ènìyàn wá nǹkan bo orí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí àwa ènìyàn ṣe máa ń ṣe nìyẹn nígbà tí a bá mọ̀ dájú pé wọn yóò béèrè. Nígbà tí a ò béèrè mọ́, igbá padà sílé, akoto padà sọ́wọ́ ọ̀kadà.

Ó dá mi lójú pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ nínú ọkàn yín pé, "Màmá, iṣẹ́ FRSC, àwọn ròódù séfútì, nìyẹn, kì í ṣe tiwa." Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ní ọdún 1977, nígbà tí Ọ̀ṣun ṣì wà nínú Ọ̀yọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soyinka tó ń kọ́ni ní Ifẹ̀ wà lára àwọn tó dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, nítorí ikú tó ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Màjà-Màjà ni àwọn ará ìlú ń pè wọ́n. Àwọn tó ti dàgbà níbí rántí bí awakọ̀ ṣe máa ń rọra tẹ búrékì tí wọ́n bá gbọ́ pé Màjà-Màjà wà níwájú. Ní 1988 ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀, Soyinka náà sì ni alága àkọ́kọ́. Èkó dá LASTMA, àjọ tó ń darí ọkọ̀ níbẹ̀, sílẹ̀ ní ọdún 2000. Ògùn ní TRACE, Ọ̀yọ́ ní OYRTMA. Bí àwọn wọ̀nyí ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́pàá ń fà sẹ́yìn, títí tí gbogbo wa fi gbà pé ẹrù náà ti kúrò lórí wọn.

Kò kúrò. Bí ènìyàn bá kú nínú ìjàm̀bá, àgọ́ ọlọ́pàá náà la ń lọ. Ọlọ́pàá ló ń wọn ilẹ̀, ló ń kọ ìwé, ló ń gbé ẹni tó jẹ̀bi lọ sí kóòtù. Wọ́n ń bá wa gbé òkú, wọn ò bá wa ṣọ́ alààyè. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kò sì lè wà ní gbogbo ibi. Ojú ọ̀nà márosẹ̀ ni ẹ ó ti rí wọn jù, pàápàá tí oṣù ẹ́ḿbà bá wọlé. Nínú àdúgbò wa níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé, lẹ́nu ọjà, ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ tí párága ti wọra, ọlọ́pàá nìkan ló wà nítòsí. Ẹ ò gbàgbé àwọn ọlọ́pàá wọ́dìn tí a ń pè ní yẹ́lò fífà, láti àwọn ọdún 1970, tí wọ́n ń dúró láàárín oríta nínú oòrùn bí èyí, tí wọ́n ń fi ọwọ́ darí ọkọ̀ bí ẹni ń jó. Ọlọ́pàá ni wọ́n. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá mi máa ń ní kí n lọ dúró ti yẹ́lò fífà kí n tó sọdá. Kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù ọlọ́pàá yẹn. Mo fẹ́ kí ọmọ-ọmọ mi náà rí irú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín rìn jìnnà díẹ̀, nítorí ohun kan wà níbẹ̀ tó yé mi dáadáa ju gbogbo ìwé tí mo kà lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1967, lásìkò tí Barbara Castle jẹ́ mínísítà ètò ìrìnnà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ọlọ́pàá lè ní kí awakọ̀ fẹ́ èémí ẹnu sínú ẹ̀rọ kékeré kan, bí ọtí bá ju ìwọ̀n lọ, ó di kóòtù. Láàárín ọdún kan, iye àwọn tó kú lójú títì fi ohun tó lé ní 1,000 dín kù. Ẹgbẹ̀rún kan ìdílé tí kò sunkún. Àmọ́ nígbà tó yá, àwọn awakọ̀ ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n mutí, kò sẹ́ni tó dá wọn dúró, wọ́n rí i pé ọlọ́pàá tó ń gbé ẹ̀rọ náà jáde kò pọ̀. Èrè òfin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Òfin kan náà ni, kò sí lẹ́tà kan tó yí padà nínú rẹ̀. Ìgbàgbọ́ awakọ̀ pé wọn yóò mú òun ló yí padà.

Ẹ wá fi wé ti New South Wales ní Ọsirélíà, níbi tí ìlú Sydney wà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún 1982, ọlọ́pàá ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọkọ̀ dúró láìwo ojú ẹni. O mutí ni o, o kò mutí ni o, o di olówó ni o, o di tálákà ni o, fẹ́ ẹ. Wọn ò fara pamọ́. Gbangba ni wọ́n dúró, tí ẹni tí wọn ò dá dúró pàápàá yóò fi rí wọn, yóò délé, yóò sọ fún ìyàwó, yóò sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń mutí. Ikú lọ sílẹ̀ kíá, kò sì gbérí padà bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé wọn ò dáwọ́ dúró. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni wọ́n dá dúró tí kò mu nǹkan kan. Ẹnì kan lè ní wọ́n fi àkókò ṣòfò. Èmi sọ pé àwọn tí kò mu yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà wà fún, nítorí pé wọ́n ń padà sílé pẹ̀lú ìròyìn.

Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé owó ìtanràn ńlá kọ́ ló ń dá awakọ̀ lẹ́kun. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ₦2,000 ni owó ìtanràn ẹni tí kò de bẹ́líìtì lọ́dọ̀ FRSC. Ẹ ò rí ọkùnrin kan tó máa bẹ̀rù ₦2,000. Ṣùgbọ́n bó bá dá a lójú pé òun yóò san án lónìí, lọ́la, lọ́tùn-únla, ní oríta kan náà, yóò dè é. Bí ó bá jẹ́ ₦200,000 tí wọn kì í gbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́wàá, kò ní dè é. Bẹ́líìtì sì ń gé ewu ikú ẹni tó jókòó níwájú sí nǹkan bí ìdajì. Mo ti rí ẹni tó jáde kúrò nínú ọkọ̀ tó rún wómúwómú, tí àmì bẹ́líìtì wà láyà rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi irin gbígbóná fà á. Ó ń kérora pé ó ń dun òun. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó dùn yín."

Eré sísá pàápàá jù bí a ṣe rò ó lọ. Ọkọ̀ tó ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí, ìyẹn ìwọ̀n tó wà fún inú ìlú, ń bo nǹkan bíi mítà 14 mọ́lẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá jẹ́ 100, mítà 28. Kí dírẹ́bà tó rí ọmọ tó ń sọdá, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrò lórí ìtẹ̀ eré bọ́ sórí búrékì, ọkọ̀ ti gba àwọn mítà yẹn kọjá. Bó bá wá tẹ búrékì, eré tó di ìlọ́po méjì yóò gbà á ní ìlọ́po mẹ́rin ọ̀nà kó tó dúró. Àdúrà ò lè yí ìyẹn padà. Àmọ́ ọlọ́pàá kan tó dúró síbi tí a ti ń rí i, tó gbé ẹ̀rọ ìwọn eré lọ́wọ́, lè mú kí ọkọ̀ ọgọ́rùn-ún rọra láàárín wákàtí kan láìmú ẹnikẹ́ni. Ní Rùwáńdà, ọlọ́pàá fúnra wọn ló ń ṣíwájú iṣẹ́ yìí. Wọ́n gbé kámẹ́rà sójú ọ̀nà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìpolongo kan ní ọdún 2019 tí wọ́n pè ní Gerayo Amahoro, ìyẹn ni pé kí o dé ibi tí ò ń lọ ní àlàáfíà. Ilẹ̀ Adúláwọ̀ bíi tiwa ni Rùwáńdà.

Ẹ̀yin ọ̀gá ọlọ́pàá, mo mọ̀ pé ohun tó ń dùn yín lọ́kàn ni àwọn ajínigbé àti olè, kò sì sí ẹni tó máa ní kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan náà ni ọ̀daràn àti ìjàm̀bá ń wọ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1995, bọ́ǹbù bú gbàmù ní ìlú Oklahoma City ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 168 kú. Nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ lẹ́yìn náà, ọlọ́pàá ojú títì kan tó ń jẹ́ Charlie Hanger rí ọkọ̀ kan tí kò ní nọ́ńbà lẹ́yìn, ó dá a dúró. Kò mọ̀ pé ọkọ̀ náà kan bọ́ǹbù rárá, nọ́ńbà ló ń béèrè. Ó rí ìbọn lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì ọkùnrin náà, ó tì í mọ́lé. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn agbófinró ìjọba àpapọ̀ ń wá Timothy McVeigh káàkiri, inú àhámọ́ ní ìlú kékeré kan ni wọ́n ti bá a. Nọ́ńbà ọkọ̀ ló mú un. Láti nǹkan bí ọdún 2008 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní DDACTS, tí ọlọ́pàá fi ń ya àwòrán ibi tí ìjàm̀bá ti ń ṣẹlẹ̀ lé àwòrán ibi tí ìwà ọ̀daràn ti ń ṣẹlẹ̀ lórí, tí wọ́n á wá lọ dúró ní gbangba níbi tí méjèèjì bá ti pàdé.

Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀ pé nǹkan yìí lè bàjẹ́. Ní Amẹ́ríkà kan náà, dídá ọkọ̀ dúró ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú ń bẹ̀rù. Ní oṣù keje ọdún 2016 ní Minnesota, ọlọ́pàá kan dá Philando Castile dúró, ó yìnbọn fún un nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì kú. Níbí, ẹ rántí oṣù kẹwàá ọdún 2020 àti ohun tí àwọn ọmọ wa jáde sọ lójú pópó nípa ọlọ́pàá SARS. Ìbínú yẹn kò tíì tán. Bí a bá wá ní kí ọlọ́pàá máa dá ọkọ̀ dúró sí i láìtún nǹkan ṣe, ẹ̀gúnjẹ ni a ó fi kún, ẹ̀mí kan kò ní là.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, kí owó má kọjá láàárín ọlọ́pàá àti awakọ̀ lójú títì. Bó bá jẹ̀bi, kí ó gba ìwé, kí ó lọ san án ní báńkì. Kí orúkọ ọlọ́pàá náà hàn láyà rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì pa á láṣẹ pé kí àgọ́ kan mú iye awakọ̀ báyìí lóṣù tàbí kí ó kó iye owó báyìí wọlé, torí ọjọ́ tí ẹ bá ti pa irú àṣẹ yẹn ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fara pamọ́ sẹ́yìn igi láti mú ènìyàn, dípò kí wọ́n dúró ní gbangba kí ènìyàn má baà ṣẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò níye lórí nípa ẹni tí a mú. Oríta tí ẹnikẹ́ni kò ti kú lóṣù yìí ló níye lórí.

Ohun tí ọ̀gá bá ń béèrè ni ọmọ iṣẹ́ ń wá. Ní gbogbo ìgbà tí kọmíṣọ́nà bá pe DPO, ìyẹn ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, olè mélòó, ìbọn mélòó ló ń béèrè. Kò sí ẹni tó ń bi í pé, "Ènìyàn mélòó ni ọkọ̀ gbá ní àgbègbè rẹ lóṣù yìí, kí lo sì ṣe sí i?" Bí wọ́n bá béèrè ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé oṣù mẹ́ta péré, ẹ ó rí i pé kọ́ńsítébù tó wà lójú títì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wo táyà. Ẹ fún ọlọ́pàá tó mú kí àwọn ọmọ ilé ìwé sọdá láìfarapa ní ìwé ìyìn bí ẹ ṣe ń fún ẹni tó mú olè. Ẹ jẹ́ kó kan ìgbéga rẹ̀. Ẹ kọ́ ọ bí a ṣe ń dá ẹni tó mutí mọ̀, bí a ṣe ń dá awakọ̀ dúró láìdẹ́rù bà á, bí a ṣe ń di ẹ̀jẹ̀ tó ń dà kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn tó dé. Èyí tó kẹ́yìn yìí, èmi àti àwọn nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì yóò wá kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí iṣẹ́ náà sì ti ọ̀dọ̀ ẹ̀yin fúnra yín bẹ̀rẹ̀. Mo ti gba ọlọ́pàá sí wọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ tó jókòó sẹ́yìn Hilux pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn lóde, tí kò sí bẹ́líìtì, tí ọkọ̀ ń sá eré bí ẹni tí ikú ń lé, nígbà tó jẹ́ pé ilé ọ̀gá kan ni wọ́n ń lọ. Àwọn ìyàwó wọn ni mo máa ń jókòó tì ní kọ́rídọ̀. Bí ọlọ́pàá bá de bẹ́líìtì, awakọ̀ yóò rí i, ọmọ ọlọ́pàá náà yóò sì ní bàbá.

Ó kan àwa ará ìlú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọlọ́pàá kan á mú awakọ̀ tó gba wọ́n-wéè, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọlọ́kadà kan, kí ó tó kọ orúkọ rẹ̀ tán, fóònù á ti dún. Ìbátan ọ̀gá kan ni, ọmọ ìjọ pásítọ̀ kan ni, ọmọ ẹgbẹ́ alága kan ni. Wọ́n á ní kó fi í sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ọlọ́pàá náà á dáwọ́ dúró, á padà sí ọ̀dọ̀ búùtù, torí búùtù kì í pe ọ̀gá lórí fóònù. Ẹ̀yin tí ẹ ní nọ́ńbà ọ̀gá lọ́wọ́, èmi náà sì wà lára yín, ẹ má pè é mọ́. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan, fún ọmọ àbúrò mi. Wọ́n fi í sílẹ̀. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà tí wọ́n gbé e wá bá mi ní wọ́ọ̀dù. Ó yè, ẹsẹ̀ kan ló fi ń rìn báyìí.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ fi lé DPO lọ́wọ́ kí n tó jókòó. Ní Cardiff, ní orílẹ̀-èdè Wales, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Jonathan Shepherd ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n gún tàbí tí wọ́n lù tí wọ́n wá sí ilé ìwòsàn ni ọlọ́pàá kò gbọ́ nípa wọn rárá. Ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n ní ibi tó ti ṣẹlẹ̀, wọ́n ń yọ orúkọ kúrò, wọ́n ń fi ibi náà ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá, ọlọ́pàá sì ń lọ dúró síbẹ̀. Ìwà ipá ni tiwọn. Mo rò pé ti ọkọ̀ náà ò lè ṣòro. Ní ọdún mẹ́rin tó kẹ́yìn iṣẹ́ mi, mo ní ìwé ìkọ̀wé kékeré kan. Ẹnikẹ́ni tí ọkọ̀ bá gbá, mo máa ń bi àwọn tó gbé e wá pé, "Ibo ló ti ṣẹlẹ̀, aago mélòó?" Mi ò kọ orúkọ ẹnì kan síbẹ̀.

Àná ni mo jókòó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì kọ ibi mẹ́ta tó ń padà wá jù sínú ìwé pélébé yìí. Àkọ́kọ́ ni ibi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń sọdá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo, láàárín agogo méje sí mẹ́jọ òwúrọ̀. Èkejì ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ sí ọjà, lálẹ́ ọjọ́ ọjà. Ẹ̀kẹta ni iwájú gáréèjì, lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ọjọ́ Jímọ̀ àti ọjọ́ Àbámẹ́ta. DPO, ẹ gbà á. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, bí agogo méje àárọ̀ bá ti lù, màá wà níbi àkọ́kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo yẹn, pẹ̀lú omi tútù fún ẹnikẹ́ni tí ẹ bá rán wá.